Níbo Lo Kọ Orúkọ Ìyá Mi Sí? Ìtàn Ìdí-igi, Orí-ò-jorí àti Ìlà Kóòdù Kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ìkọ̀tún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ìyá-etí sétí nínú dánfó, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti máa kà á ju kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lọ, gbogbo yín ni ọ̀rọ̀ tòní kàn. Inú yàrá mi ní Ìjẹ̀gùn ni mo ti ń gba ohùn yìí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ ohùn mi, ti aládùúgbò ni, ẹ má bínú.

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kóòdù kan ṣoṣo. Èmi ni mo kọ ọ́. Ìlà kan yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí bàbá mi ká.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá tó bí bàbá mi ra ilẹ̀ sí Ìjẹ̀gùn níhìn-ín nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Wọ́n kọ́lé sí i, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé náà. Wọ́n fẹ́ ìyàwó 3, wọ́n sì bí ọmọ 8. Ìyálé bí ọmọ 1 péré: òun ni àkọ́bí, òun la ń pè ní Bọ̀dá Àgbà, òun sì ni olórí ẹbí báyìí. Ìyàwó kejì bí ọmọ 2. Ìyàwó kékeré, tí í ṣe ìyá bàbá mi, bí ọmọ 5. Nígbà tí Bàbá re ibi àgbà ń rè, wọn kò kọ wíìlì sílẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn ikú wọn, gbèsè ìsìnkú àti páànù orí ilé ló gbé e lọ. Lọ́dún tó kọjá ni owó tó ṣeé pín kọ́kọ́ wà nílẹ̀: ₦2,400,000.

Bọ̀dá Àgbà wá pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bá wa ṣe nǹkan tí olúkúlùkù á fi máa rí ìpín rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo jẹ owó ẹbí." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà." Ẹ sì mọ̀ mí: ìròyìn àti ohùn ni mo kọ́ ní yunifásítì, àmọ́ èmi ni mo kọ́ ojúlé ètò wa yìí fúnra mi, Laravel ni mo sì fi kọ́ ọ. Mo ní iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ni.

Nínú Laravel, gbogbo nǹkan tó o bá fẹ́ kọ sílẹ̀ ló máa ní àtẹ tirẹ̀, àtẹ kọ̀ọ̀kan á sì ní model tó ń ṣojú fún un. Mo ṣe méjì: Bàbá kan, Ọmọ kan. Lẹ́yìn náà lo máa wá sọ ìbátan tó wà láàárín wọn. Mo lọ sínú Bàbá, mo kọ `hasMany(Omo::class)`, ìyẹn ni pé bàbá yìí ní ọmọ púpọ̀. Mo lọ sínú Ọmọ, mo kọ `belongsTo(Baba::class)`, ìyẹn ni pé ọmọ yìí, ti bàbá yìí ni. Ó parí. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ka iye ọmọ, kó sì fi pín owó. Ọmọ 8, ₦300,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, mo sì lọ sùn.

Nígbà tí mo jí, ìhìn tí mo bá lórí fóònù ju 100 lọ. Èyí tó wà lókè pátápátá wá láti ọ̀dọ̀ àǹtí mi kan, ọmọ ìyàwó kejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ: "Níbo lo kọ orúkọ ìyá mi sí?"

Ọmọ 9, ìyàwó 4, adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù

Mi ò lóye ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ló là mí lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lo fẹ́ tún dá sílẹ̀ nílé yín yẹn." Ó ní ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà kò lè ṣàìmọ̀ ọ́n.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọkùnrin kan wà ní Èkó, Suberu Dawodu. Ó kú ní ọdún 1940. Òun náà kò kọ wíìlì. Ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín ogún. Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó sì ti gbọ́ orúkọ méjèèjì rí lẹ́nu àwọn àgbà.

Èkínní ni ìdí-igi. Ẹ wo ìyàwó kọ̀ọ̀kan bí igi kan. Iye igi tó bá bímọ la fi ń pín ogún. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tó wà nídìí igi kọ̀ọ̀kan á pín tiwọn láàárín ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí: orí kan kò ju orí kan lọ. Ẹ ka àwọn ọmọ, ẹ pín in dọ́gba, ẹ má béèrè ìyá tó bí ta ni.

Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé ìdí-igi wà nínú àṣà lóòótọ́, àmọ́ ó ní kò bá ẹ̀tọ́ àti ìdọ́gba mu, nítorí náà kí wọ́n pín in lóríjorí. Ẹjọ́ gòkè lọ. Ní ọdún 1958, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà yí i padà: ìdí-igi ni òfin, ó ṣì wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò pa á rẹ́. Orí-ò-jorí ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tuntun díẹ̀ tí olórí ẹbí lè yàn bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí ẹbí má baà lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ tún gòkè lọ, ó dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, torí pé lẹ́yìn òmìnira pàápàá, ibẹ̀ la ṣì ń gbé ẹjọ́ lọ títí di 1963. Ní ọdún 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fọwọ́ sí ohun tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà sọ. Wọ́n ní kéèyàn má kánjú fi òṣùwọ̀n ìlú tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo wọn ìlú tí wọ́n ti ń fẹ́ ju ẹyọ kan lọ.

Mo jókòó, mo gbé ẹ̀rọ ìṣírò jáde lórí fóònù mi. Tá a bá fi ìdí-igi pín ₦2,400,000 tiwa, igi 3 ló wà, igi kọ̀ọ̀kan á gba ₦800,000. Bọ̀dá Àgbà, ọmọ kan ṣoṣo ti ìyálé, á gba gbogbo ₦800,000. Àǹtí mi àti ọmọ ìyá wọn á gba ₦400,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 5 tó jẹ́ ọmọ ìyá àgbà tèmi á gba ₦160,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú kóòdù tí mo kọ, bàbá mi ń gba ₦300,000.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Láìmọ̀, mo ti da ẹjọ́ tó gba kóòtù Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo sì dá a sí ọwọ́ ilé ìyá bàbá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti kọ ọ́ sórí WhatsApp: "Ẹ ò rí ẹni tó kọ ọ́ ni?" Mi ò lè bínú sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí mi ò bá sọ náà nìyẹn.

Ọmọ tí kò lè ní ju òbí kan lọ

Mo wá bi ara mi pé, kí ló dé tó fi rọ̀ mí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ láti gbàgbé àwọn ìyá? Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìtàn ìbátan inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àwọn ọdún 1960 kan náà, nígbà tí ẹjọ́ Dawodu ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ní Amẹ́ríkà, IBM ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní IMS, láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé èèyàn lọ sí òṣùpá. Bí igi ni wọ́n ṣe to àkọsílẹ̀ inú rẹ̀: òbí wà lókè, ọmọ wà nísàlẹ̀, àwọn gan-an ló fi "òbí" àti "ọmọ" pè é. Nínú igi yẹn, òbí lè ní ọmọ tó wù ú, àmọ́ òbí kan ṣoṣo ni ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní. Fún ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó lè má burú. Àmọ́ ẹ fi ẹbí wa síbẹ̀ wò. Bí ọmọ bá ti wà lábẹ́ bàbá, ìyá ti pòórá.

Láàárín ọdún kan náà, ọ̀gbẹ́ni Charles Bachman ń ṣiṣẹ́ ní General Electric lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní IDS. Nínú tirẹ̀, gbogbo ìbátan ní ẹni tó ni í àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹnì kan lè wà nínú agbo méjì lẹ́ẹ̀kan náà: agbo bàbá rẹ̀ àti agbo ìyá rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ kóòdù ní láti mọ ọ̀nà tó gba agbo kan dé òmíràn, bí ẹni tó ń wá ilé kiri ní Ìjẹ̀gùn láìsí nọ́ńbà ilé: yà sọ́tùn-ún níbi ìyá alágbado, kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, béèrè níbẹ̀.

Ẹni tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú IBM. Ní ọdún 1970, ó tẹ ìwé jáde tó sọ pé kí a dẹ́kun kíkan ọ̀nà mọ́ àkọsílẹ̀. Ẹ to gbogbo nǹkan sínú àtẹ. Tí ọmọ bá jẹ́ ti ẹnì kan, ẹ kọ nọ́ńbà ẹni yẹn sí ìlà ọmọ náà. Ó parí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè lọ́la, kó so àwọn àtẹ pọ̀ nípasẹ̀ nọ́ńbà yẹn, kó sì béèrè ohun tó wù ú, títí kan ìbéèrè tí ẹni tó kọ àtẹ kò ronú kàn rí.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí nọ́ńbà náà ń gbé. Ara ọmọ ló wà, kì í ṣe ara bàbá. Bó ṣe rí nílé wa náà nìyẹn: èmi ni mò ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà mi káàkiri, lórí káàdì ìdánimọ̀ àti ní báńkì, àwọn kò jẹ́ orúkọ mi. Ohun tí `belongsTo` túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ ni nọ́ńbà ẹlòmíràn wà lára rẹ̀.

Ní ọdún 1976, Peter Chen tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, ó sì kọ́ wa láti máa ya àwòrán rẹ̀ kí a tó kọ ohunkóhun: àwọn nǹkan nínú àpótí, ìbátan láàárín wọn pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, àti iye tó wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹnì kan sí ẹnì kan ni, ẹnì kan sí ọ̀pọ̀, tàbí ọ̀pọ̀ sí ọ̀pọ̀? Bí mo bá ya àwòrán yẹn sórí bébà níwájú àǹtí mi kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú kan ni wọn ì bá fi rí ibi tí mo ti ṣàṣìṣe.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ ìsinsìnyí, a kì í ya àwòrán. Ní ọdún 2004, ọmọ Denmark kan, David Heinemeier Hansson, gbé Ruby on Rails jáde fún aráyé. Ó sọ gbogbo ìbátan wọ̀nyí di gbólóhùn kúkúrú tó rọrùn láti kà: `has_many`, `belongs_to`. Ní 2011, Taylor Otwell gbé Laravel jáde, ó sì ní irú gbólóhùn kan náà. Ó dùn ún kọ. Ó dùn débi pé èèyàn lè kọ ìtàn ẹbí odindi sílẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí.

Ẹni tí ogún gba ara rẹ̀ kọjá

Gbólóhùn tó yẹ kí n kọ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 2006, Rails fi `has_many :through` kún tirẹ̀. Laravel náà ní `hasManyThrough`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mo ní ọmọ púpọ̀, àmọ́ ẹnì kan wà láàárín èmi àti wọn. Bàbá ní ìyàwó, ìyàwó ní ọmọ, bàbá sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ nípasẹ̀ ìyàwó. Ìdí-igi gan-an nìyẹn.

Mo pa àtẹ mi rẹ́, mo tún un kọ. Bàbá, Ìyá, Ọmọ. Lára ọmọ, nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Lára ìyá, nọ́ńbà bàbá. Níbi tí mo ti ń tẹ orúkọ àwọn ìyá 3 náà sínú àtẹ wọn ni nǹkan kan ti gbá mi láyà. Nínú àṣà wa, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọkùnrin á jogún, ọmọ obìnrin náà á jogún, ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ kò ní náírà kan níbẹ̀. Ara rẹ̀ ni ogún gbà kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Orúkọ rẹ̀ lórí àtẹ yìí ni ẹ̀rí kan ṣoṣo pé ó wà nínú ilé yẹn, pé ó ṣòwò, pé ó ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Mo ti yọ ẹ̀rí yẹn kúrò pẹ̀lú, torí pé mi ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìṣírò. Ohun tí àǹtí mi ń béèrè nìyẹn. Wọn kò tíì mẹ́nu ba ₦400,000 rárá.

Nǹkan kejì tí mo rí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé lónìí. Tí ìyá bá wà nínú àtẹ, mo lè pín owó lọ́nà méjèèjì. Mo lè ní kí kọ̀ǹpútà ka igi, mo lè ní kó ka orí. Ìlà kóòdù kan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ìyá sílẹ̀, orí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìdí-igi ti kú kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dìbò pé kó kú. Nínú ẹjọ́ Dawodu, àwọn adájọ́ fi yíyàn náà sílẹ̀ fún olórí ẹbí. Èmi gbà á lọ́wọ́ olórí ẹbí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì rò pé mò ń ran wọ́n lọ́wọ́ ni.

Ìpàdé ọjọ́ Àìkú

A ṣe ìpàdé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sì lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi, mo fi fóònù hàn wọ́n. Orúkọ ìyá wọn wà níbẹ̀, kedere, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "O kọ ọ́ dáadáa." Ìyẹn nìkan.

Mo wá fi èsì méjèèjì hàn Bọ̀dá Àgbà, ìdí-igi lápá kan, orí-ò-jorí lápá kejì. Wọ́n wojú mi, wọ́n wo owó. Àwọn gan-an ni ìdí-igi ṣe lóore jù: ₦800,000 tàbí ₦300,000. Àwọn náà ni òfin sì fún láǹfààní láti yàn. Wọ́n bi àwọn àbúrò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èkejì dé orí àbígbẹ̀yìn. Bàbá mi sọ pé, "Bí Bàbá bá wà láàyè, ìdí-igi ni wọn ì bá ṣe." Kò sí ẹni tó jiyàn. Ìdí-igi la ṣe lọ́dún yìí. Bọ̀dá Àgbà ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn á tún béèrè.

Bàbá mi gba ₦160,000. Nígbà tá à ń padà sílé, wọ́n ní kóòdù mi àkọ́kọ́ ni àwọn fẹ́ràn jù. A jọ rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ orúkọ èèyàn sínú Excel lásán fún àjọ, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù: kẹ́ ẹ tó pinnu ta ni ti ta, ẹ bi wọ́n. Ẹ kọ ju ohun tí ìṣírò tòní nílò lọ díẹ̀, torí ìbéèrè ọ̀la kò tíì dé. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ pín in.

Tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a ó gbé e sáfẹ́fẹ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Títí a ó fi tún pàdé, láti Ìjẹ̀gùn, ire o.